Ìṣó Tí Moyinolúwa Kò Kàn

Moyinolúwa dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òòlù bàbá àgbà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gbé e sókè. Ẹ̀gbẹ́ orórì wọn ló dúró sí. Ibẹ̀ ni wọ́n sin wọ́n sí lọ́dún tó kọjá, nínú ilé amọ̀ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́ sí abúlé kan lẹ́yìn Olódò. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ orórì náà mọ́ ìdí ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ògiri ọ̀hún ti ń sán. Màmá àgbà a máa ṣàwàdà pé àwọn aláǹgbá ti gbalé níbẹ̀, wọn ò tilẹ̀ kí onílé.

Ẹkúndayọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ló mú ẹ̀rọ kékeré kan wá láti ilé ìwé. Sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n ń pè é. Bí ògiri tí wọ́n kàn án mọ́ bá yẹ̀ díẹ̀, á ránṣẹ́ sórí fóònù. Ẹyọ kan péré ló rí yá. Ó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tó sán, ó fi ẹfun sàmì sí i, ó ní bó bá ti gbẹ, kí Moyin kàn án síbẹ̀.

"Etí ni nǹkan yìí," ó ní. "Ibi tí a bá gbé e sí nìkan ló ń gbọ́."

Adétutù, ọ̀rẹ́ Moyin, jókòó lórí pèpéle, ó ń wò ó. "O fẹ́ kan ìṣó lé bàbá yín lórí? Ẹ̀rù ò tilẹ̀ bà ọ́." Ó rẹ́rìn-ín.

Moyin kò rẹ́rìn-ín. Bàbá àgbà ló tọ́ ọ dàgbà, àwọn ló ń fà á lọ́wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé òòlù, ó lọ kan ẹ̀rọ náà mọ́ igun ilé ìdáná, níbi tí ògiri ti le dáadáa. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Nígbà tí Ẹkúndayọ̀ pè láti ilé ìwé, tó bi í bóyá ojú ẹfun ló kàn án sí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni Ẹkúndayọ̀ ń wo fóònù rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ẹ̀gbẹ́ orórì ọkọ wọn ni Màmá àgbà máa ń jókòó sí lọ́sàn-án. Wọ́n bi Ẹkúndayọ̀ lórí fóònù bóyá kí àwọn gbé àga àwọn kúrò. Ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, ògiri ò yẹ̀.

Moyin gbọ́ ọ. Ó bọ́ sí ẹ̀yìn ilé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, lẹ́yìn òjò ńlá kan, ògiri náà wó. Ìgbà tí àwọn ará abúlé fi wú Màmá àgbà jáde lábẹ́ amọ̀, egungun ìbàdí wọn ti fọ́. Dókítà ní wọn ò ní lè rìn mọ́.

Ẹkúndayọ̀ dé. Ó rí ẹ̀rọ náà ní igun ilé ìdáná, iná rẹ̀ ṣì ń tàn, ó ṣì ń sọ pé àlàáfíà ni. Ó yọ ọ́, ó nù ún, ó jókòó sílẹ̀, kò sì wo ojú àbúrò rẹ̀.

Moyin kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn, ó jẹ́wọ́. "Ìṣó yẹn ni mi ò lè kàn, Mà. Mo rò pé á dun bàbá."

Màmá àgbà ń wo ẹsẹ̀ wọn lábẹ́ aṣọ.

"Káfíńtà ni bàbá yín," wọ́n ní. "Ìgbà wo lo rí wọn kí wọ́n bínú sí ìṣó?"

Ibi tó bá ń dunni lọwọ́ ń lọ. Ẹni tó bá sá fún ibi tó ń dùn ún, tó lọ tẹ́tí síbi tí kò sí nǹkan, tó tún fi irọ́ bò ó, ẹlòmíràn ni ògiri ń wó lù.