Ọ̀gá Kò-Sí-Wàhálà àti Jíìpù Tí Kò Lè Kojú Afẹ́fẹ́

Ìwọ tí ìwé pẹlẹbẹ yìí bọ́ sí lọ́wọ́, má kà á bí ẹni tó ń gbọ́ àlọ́. Ìtàn ọkùnrin kan tó ń ta ọkọ̀ ni, ó sì ń rí mi lára láti sọ ọ́. Síbẹ̀, n óò sọ ọ́ bó ṣe rí. Èérí tí a bá fi aṣọ bò kò di mímọ́, òórùn ló máa ń dà.

Kò-sí-wàhálà ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà. Jíìpù àtijọ́ ló ń tà, àwọn gàgàrà tó jẹ́ pé ọmọdé á gùn ún bí ẹni ń gun igi kó tó lè jókòó. Bí oníbàárà bá bi í pé ẹ́ńjìnnì ńkọ́, á ní, "Kò sí wàhálà." Bó bá bi í pé kí ló ń dún lábẹ́ rẹ̀ yẹn, á ní, "Kò sí wàhálà." Á wá rẹ́rìn-ín, á sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá jíìpù náà nídìí bí ẹni ń gbá ẹṣin.

Mẹkáníìkì ni, kì í ṣe òpè. Ó mọ ohun tó ń ṣe jíìpù àtijọ́ dáadáa. Jíìpù ga, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì fẹ̀ bí ògiri, nítorí náà afẹ́fẹ́ máa ń ríbi gbá a mú. Nígbà tó ṣì wà ní tuntun, ó ní agbára láti dúró. Ṣùgbọ́n bí àwọn oríkèé irin tó so sítíárìn mọ́ táyà bá ti jẹ, tí rọ́bà abẹ́ rẹ̀ ti gbó, tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ sì ti kú, o lè yí sítíárìn kí táyà má tilẹ̀ mọ̀ pé o yí i. Nínú ìgboro, o lè má fura. Lójú títì márosẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ti ń ti ẹ̀gbẹ́ fẹ́, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ á máa ta sọ́tùn-ún ta sósì bí ọ̀mùtí tó ń wá ilé.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju kí a tú àwọn oríkèé tó ti jẹ kúrò, kí a fi òmíràn sí i. Kò-sí-wàhálà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀tì kan wà lórí àpótí sítíárìn, òun ló máa ń fún pinpin títí sítíárìn á fi le lọ́wọ́ bíi ti ọkọ̀ tuntun. Ohun tó ṣe yìí burú ju àìsàn tó bá lára ọkọ̀ lọ. Sítíárìn tí wọ́n bá fún bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ padà sí àárín fúnra rẹ̀ mọ́. Bí o bá yí i sọ́tùn-ún láti kojú afẹ́fẹ́, tí afẹ́fẹ́ sì dáwọ́ dúró lójijì, ọ̀tún náà ni yóò máa gbé ọ lọ.

Òpópónà kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí gíga wà lápá kan, ògiri ilé iṣẹ́ wà lápá kejì, ewé kì í sì í mì níbẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ló máa ń mú oníbàárà lọ láti dán ọkọ̀ wò. Wọ́n á lọ, wọ́n á bọ̀, jíìpù á sì máa rìn tààrà. Oníbàárà á sọ̀ kalẹ̀, á ní ọkọ̀ yìí mà dára o.

Ibi tó wá kó mi nírìíra jù lọ nìyí. Bó bá fẹ́ fún ẹni náà ní kọ́kọ́rọ́, á kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé iwájú ọkọ̀, ọwọ́ kan náà tó fi fún nọ́ọ̀tì, pẹ̀lú gírísì nínú èékánná. Á di ojú, á gbàdúrà ní orúkọ Jésù pé ẹ kò ní fi gbé òkú, ẹ kò ní pàdé aburú lọ́nà. Oníbàárà á ṣe àmín. Òun náà á ṣe àmín, ohùn tirẹ̀ ló sì máa ń ròkè jù.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ pẹ́ńtà ọkọ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Pẹ́ńtà á fi ọ̀dà bo ibi tó ti dógùn-ún, Kò-sí-wàhálà á fi ẹnu bo ìyókù. Ṣùgbọ́n Jésù pàdé Pẹ́ńtà, ó sì fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó bá a tó ń fún nọ́ọ̀tì jíìpù eléérú kan.

"Ọ̀rẹ́ mi, ta lo fẹ́ tà á fún?"

"Télọ̀ kan. Ìyàwó ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó ní òun ò fẹ́ kí ọmọ máa gun ọ̀kadà."

"O ò ṣe bá a pààrọ̀ àwọn oríkèé yẹn?"

"Ìwọ náà! Nígbà tó ò ń kun ìpáàrà ní ọ̀dà, ṣé mo bá ọ wíjọ́ ni?"

Pẹ́ńtà ò bínú. Ó ní, "Òtítọ́ lo sọ. Mo kùn ún, ìpáàrà yẹn ò sì kú. Ó ń jẹun lọ lábẹ́ ọ̀dà ni. Bí ọkàn mi náà ṣe rí nìyẹn kí Jésù tó wẹ̀ ẹ́. Wá sọ́dọ̀ ẹ̀, ọ̀rẹ́. O lè tan télọ̀, o ò lè bá afẹ́fẹ́ dúnàá-dúrà."

Kò-sí-wàhálà tutọ́ sílẹ̀. Ó ní kó lọ wàásù fún ọ̀dà rẹ̀. Nígbà tí télọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ dé, ó mú wọn lọ sí òpópónà tí afẹ́fẹ́ kì í dé, ó mú wọn bọ̀, ó sì gbé ọwọ́ lé ọkọ̀. Ìyá ìkókó náà yọ ọwọ́ ọmọ rẹ̀ jáde nínú aṣọ, ó fi kan ọkọ̀ náà kí ọmọ lè gba nínú àdúrà.

Ohun kan tún wà. Òun fúnra rẹ̀ kì í gbé àwọn jíìpù yẹn jáde ìgboro. Bó bá ní ìrìn àjò, ọkọ̀ èrò ló máa ń wọ̀. Ẹni tó bá ń se ọbẹ̀ fún ará ilé tí kì í jẹ́ fẹnu ara rẹ̀ kàn án, ó yẹ ká bi í léèrè ohun tó kó sínú ìkòkò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí afẹ́fẹ́ ń jà, ó dúró ní ibùdókọ̀, ó ń lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Oníbàárà kan tó ń wá jíìpù rà bá a níbẹ̀, ẹnu Kò-sí-wàhálà sì wá di ọ̀bẹ olójú méjì. Ó ní, "Jíìpù tèmi kẹ̀? Ìjì pàápàá á yà fún un ni!" Kò tíì pa ẹnu dé tí jíìpù eléérú kan fi dúró níwájú wọn. Télọ̀ yọrí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá wa! Ẹ ẹ̀ wọlé? A ń gbé ọmọ lọ han ìyá mi, ọ̀nà kan náà ni."

"Ẹ máa lọ, ẹ ṣeun. Ọkọ̀ èrò ti ń bọ̀."

"Háà, kí ló dé? Ọkọ̀ tẹ́ ẹ fọwọ́ yín tà!"

Oníbàárà náà wo jíìpù, ó wo Kò-sí-wàhálà. "Àbí irú èyí tẹ́ ẹ ń sọ nìyí?"

Kò-sí-wàhálà gbójú sókè. Àwọn igi ń tẹ̀ kọdọrọ, ọ̀rá ń fò lójú ọ̀run. Ó mọ ohun tó wà lábẹ́ ọkọ̀ náà, ó sì rí ìkókó tó ń sùn lórí itan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá sọ. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ á gbọ́. Ìyẹn ló tóbi lójú rẹ̀ ju ẹ̀mí ọmọ lọ. Ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó wọlé.

Bí wọ́n ṣe kúrò láàárín ilé ni afẹ́fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Télọ̀ ń yí sítíárìn síhìn-ín, ó ń yí i sọ́hùn-ún, ọrùn rẹ̀ ti rin fún òógùn.

"Ọ̀gá, ó máa ń fà báyìí tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ o. Àbí èmi ni mi ò tíì mọ̀ ọ́n wà?"

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun rẹ̀: dẹ eré, yà sí ẹ̀gbẹ́, èmi ni mo bà á jẹ́. Ó gbé e mì bí ẹni gbé èébì ara rẹ̀ mì. Ó ní, "Kò sí wàhálà. Ẹ ṣáà di sítíárìn mú gírí."

Tírélà kan ń lọ níwájú wọn, télọ̀ sì yọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti kọjá rẹ̀. Tírélà gba afẹ́fẹ́ náà dúró, gbogbo nǹkan sì pa rọ́rọ́ bíi ti òpópónà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ níwájú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ kọlù wọ́n bí ògiri tó wó. Jíìpù fò sápá kan, télọ̀ yí sítíárìn padà, sítíárìn sì há síbi tó yí i sí. Ó gbé wọn kọjá níwájú tírélà, tírélà ń ké fèrè lé wọn lórí, jíìpù já bọ́ sínú koríko, ó sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ létí gọ́tà.

Ìkókó ti bọ́ sílẹ̀ láàárín àga. Kò sunkún. Ìyá rẹ̀ ń fọwọ́ wá a kiri abẹ́ àga. Kò-sí-wàhálà gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún un pé kò sí wàhálà. Nígbà tó yá, ọmọ náà mí kanlẹ̀, ó figbe ta.

Wọ́n jáde. Télọ̀ rìn yí ọkọ̀ ká. Mo rò pé o mọ ohun tó yẹ kó ṣe: kó di ọkùnrin yìí lọ́rùn mú. Dípò bẹ́ẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún un nínú koríko.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Mi ò mọ ọkọ̀ wà tó. Díẹ̀ ló kù kí n pa yín."

Kò-sí-wàhálà wo ẹ̀yìn ọkùnrin náà nílẹ̀. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bì, ó sì ń bì títí kò fi sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Ara rẹ̀ rí i lára. Ì bá ṣeé ṣe, ì bá bọ́ awọ ara rẹ̀ sọnù sí gọ́tà náà.

"Dìde," ló wí. "Kì í ṣe ìwọ. Sítíárìn yẹn ti jẹ kí n tó tà á. Èmi ni mo fún un kẹ́ ẹ má bàa mọ̀. Mo sì mọ̀ nígbà tí mò ń wọlé láàárọ̀ yìí."

Télọ̀ dìde díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló sún mọ́ ọn, ọmọ ń sunkún léjìká rẹ̀.

"Ẹ gbàdúrà sórí ẹ̀," ló wí. "Ẹ fọwọ́ lé e lójú mi. Mo fọwọ́ ọmọ mi kàn án. Ta lẹ gbàdúrà sí lọ́jọ́ náà?"

Kò dúró gba èsì. Wọ́n dá ọkọ̀ èrò dúró, wọ́n sì fi í sílẹ̀ pẹ̀lú jíìpù rẹ̀.

Ó pe Pẹ́ńtà lórí fóònù. Nígbà tí Pẹ́ńtà dé, ó bá a lórí ìjókòó nínú koríko, ẹnu rẹ̀ ṣì ń rùn.

"Mi ò lè gbàdúrà," ló wí. "Orúkọ yẹn ni mo fi ń purọ́. Ó ti bàjẹ́ lẹ́nu mi."

Pẹ́ńtà jókòó tì í. "Ẹnu ẹ ló bàjẹ́, orúkọ náà ò bàjẹ́. Kò sí orúkọ míì tí mo mọ̀ tó lè gba irú èmi àti ìwọ là. Ó ti rí gbogbo abẹ́ ọkọ̀ ẹ láti ọjọ́ yìí, síbẹ̀ ó kú fún ẹ. Sọ fún un bó o ṣe sọ fún télọ̀."

Ó sọ ọ́, pẹ̀lú ẹkún, láìfi ọ̀kan pamọ́. Jésù kò sì lé e.

Èmi kò ní fi ọ̀dà bo ìyókù. Ó dá gbogbo owó télọ̀ padà, télọ̀ sì gbà á láìkí i. Ó tú jíìpù náà palẹ̀ kó má bàa pa ẹlòmíràn. Ó wá gbogbo ẹni tó ti ta irú rẹ̀ fún rí, ó ń pààrọ̀ oríkèé fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn kan sì bú u kí wọ́n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan ọkọ̀. Ní báyìí, ojú títì márosẹ̀ ló ń mú oníbàárà lọ, ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń jà gan-an. Òun náà máa ń jókòó sí iwájú. Títí di òní, ìyá ìkókó yẹn kò tíì dáhùn ìkíni rẹ̀.

Ìwọ ńkọ́? Má sọ pé o kì í ta ọkọ̀. Ìwọ náà ní òpópónà tìrẹ tí afẹ́fẹ́ kì í dé, níbi tí ò ń mú àwọn ènìyàn rìn kí wọ́n lè sọ pé ènìyàn rere ni ọ́. Aṣọ ọjọ́ ìsinmi wà níbẹ̀, àmín tó ń ròkè wà níbẹ̀. Ohun tó ti jẹ lábẹ́ ńkọ́? Ta ló jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ, tó gbé ọmọ lé itan, tó gbẹ́kẹ̀ lé ọ?

Má fún nọ́ọ̀tì náà mọ́. Ikú ń bọ̀, ìdájọ́ ń bọ̀, kò sì sí tírélà tí yóò bá ọ gba afẹ́fẹ́ yẹn dúró. Jésù nìkan ló lè sọ ọkàn tó ti jẹ di tuntun, ó sì ṣe tán láti ṣe é lónìí, níbi tí o wà yìí. Wólẹ̀. Jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí o tó la ẹnu, dá obìnrin yẹn lóhùn ná: gbogbo àdúrà tí o ti ń gbà láti ọjọ́ yìí wá, ta lò ń gbà á sí?