Àwọn Obìnrin Inú Ihò Òkè Ìsádi

Pátákò ẹṣin ni Yéjídé ń gbọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gun òkè náà dé ìdajì, bẹ́ẹ̀ kò sì sí ẹni tó ń sin ẹṣin ní gbogbo ìtòsí Ìyàmoye. Ó dúró, ó tún ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀n, ó dẹtí.

"Bàbá Lájídé, ṣé ẹ gbọ́ nǹkan?"

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Òkúta ló ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Máa bọ̀ jàre."

Ìlọrin ni wọ́n ti wá ṣe Kérésì nílé, lọ́dún tí àwọn ológun ń múra àtigbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá. Ọkọ rẹ̀, Ọláníran, ń bá ìjọba Kwara wọn ilẹ̀. Yéjídé, ọmọ Ọ̀fà, ń ránṣọ. Ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí nílé ọkọ láti ìgbà tó ti bímọ. Màmá Cecilia, ìyá ọkọ rẹ̀, ti lọ sọ́jà Ìyárá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bó ṣe jáde tán ni Ọláníran ní kí àwọn lọ wo Òkè Ìsádi. Láti kékeré ni Màmá ti fi òkè náà ṣe èèwọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó ti di bàbá ọmọ kì í tún sá fún pàṣán ìyá rẹ̀.

Òkè náà tó wò. Lókè téńté ni odi tí àwọn baba ńlá wọn fi òkúta tò wà, láìsí amọ̀, láìsí sìmẹ́ǹtì, ó sì ga dé àyà ọkùnrin. Ibẹ̀ ni gbogbo ìlú sá sí nígbà ogun Tápà, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin ń kó ènìyàn lẹ́rú. Ọláníran fi ojú àpáta hàn án, níbi tí àwọn obìnrin ti lọ ọkà títí àpáta fi jin kòtò bí abọ́. Ó mú un dé ìdí ìsun tí kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Yéjídé bu omi náà mu, ó tutù dé eegun. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ọyẹ́ ti bo páànù ilé gbogbo, àfi bí ẹni pé ìlú kò sí níbẹ̀ rárá.

"Ènìyàn ti gbé ibí yìí rí lóòótọ́," ni Yéjídé wí, inú rẹ̀ sì dùn pé òun wá.

Ìgbà náà ni Lájídé bú sẹ́kún. Oòrùn ti mú. Ọláníran nawọ́ sí ihò kan lábẹ́ àpáta.

"Lọ fún un lọ́mú níbẹ̀, ibòòji wà. Jẹ́ kí n yí odi yìí ká."

Inú ihò náà tutù ju bó ṣe yẹ lọ, Yéjídé kò sì tètè ríran. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, ó rí i pé àwọn obìnrin ti jókòó síbẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti àpáta, púpọ̀ nínú wọn gbé ọmọ lẹ́sẹ̀. Ó rò pé àwọn tó wá ṣẹ́gi ni. Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn. Ẹni tó sún mọ́ ọn jù, tó ró kíjìpá dúdú, nìkan ló dáhùn.

"Okun o," ni obìnrin náà fi kí i padà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí wọ́n ti ń kíni níbẹ̀. "Pa á lẹ́nu mọ́."

"Ebi ló ń pa á, mà."

"Pa á lẹ́nu mọ́. Wọ́n ti wà nísàlẹ̀."

Yéjídé fi ọmú sí ọmọ lẹ́nu, ọmọ kọ̀ ọ́. Pátákò ẹṣin wá ń dún ketekete. Ó gbọ́ bí ẹṣin ṣe ń fọn imú, ó gbọ́ ohùn ọkùnrin tó ń sọ èdè tí kò yé e. Gbogbo àwọn obìnrin náà yíjú sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ìbínú lójú wọn. Ẹ̀bẹ̀ ló wà níbẹ̀, ìyẹn ló sì bà á lẹ́rù jù. Obìnrin oníkíjìpá nawọ́. Òórùn èéfín àti àdí ń bẹ lára àtẹ́lẹwọ́ náà. Ó gbé e lé ẹnu àti imú Lájídé jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ìyá ń rẹ ọmọ. Yéjídé fẹ́ pariwo, ohùn kò jáde. Ẹsẹ̀ ọmọ ń ta sí i níkùn. Nígbà tó yá, kò ta lágbára mọ́.

"Yéjídé! Kí lò ń ṣe?"

Ọláníran ló já ọwọ́ náà kúrò. Ọwọ́ Yéjídé ni.

Lájídé mí sínú kanlẹ̀, ó sì figbe ta. Kò sí ẹlòmíràn nínú ihò. Ipasẹ̀ àwọn méjèèjì nìkan ló wà nínú eruku ilẹ̀ ibẹ̀.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé. Ọláníran ló gbé ọmọ. Nígbà tí Yéjídé nawọ́ láti gbà á, ó kẹ̀yìn sí i, èyí sì dùn ún ju ìgbájú lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni Màmá ti ọjà dé bá wọn, ọkọ lọ́tọ̀, ìyàwó lọ́tọ̀. Ọláníran sọ ohun tó rí. Yéjídé ní obìnrin kan ló wà níbẹ̀, ó ró kíjìpá dúdú. Màmá rọra jókòó sórí àpótí.

"Ọwọ́ wo ló fi bò ó?"

"Ọwọ́ òsì, mà," ni Yéjídé dáhùn.

"Ó sì ní wọ́n ti wà nísàlẹ̀?"

Yéjídé kò tíì sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹnikẹ́ni.

Màmá wo ọmọ rẹ̀. "Ọláníran, Adédùntán ni mo bí ṣáájú rẹ. Ibà la sọ fún ọ pé ó pa á." Ó tẹjú mọ́ àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀. "Mo pọ̀n ọ́n lọ ṣẹ́gi. Òjò lé mi wọ ihò yẹn. Kò sí ẹni tó tẹ̀lé mi, tí ì bá já ọwọ́ mi kúrò."

Ọláníran sún mọ́ Yéjídé. Ó rọra gbé ọmọ náà lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́.

"Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo ọwọ́ yìí," ni Màmá wí. "Mo ní bóyá orí mi ló dàrú. Mi ò lè sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò lè sọ ọ́ fún bàbá rẹ." Ó kọjú sí Yéjídé, omijé ń dà lójú rẹ̀, síbẹ̀ ojú náà ń tàn bíi ti ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. "Ìwọ náà rí wọn. Ọlọ́run ṣeun."

"Mo rí wọn, mà."

Màmá dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Gbé ọmọ mi wá, kí n gbé e."

Kò sí ẹni tó lè gba Màmá gbọ́ tó Yéjídé. Àánú rẹ̀ ṣe é dọ́kàn. Ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kọ̀, kò gbé ọmọ jáde. Ṣe ló ń fún un mọ́ àyà. Màmá dúró bẹ́ẹ̀, ọwọ́ nínà.

Lájídé fajú ro, ó fẹ́ ké. Yéjídé sì rí ọwọ́ òsì òun fúnra rẹ̀ tó rọra ń gòkè lára aṣọ ọmọ, láìjẹ́ pé ó rán an níṣẹ́.

"Bàbá Lájídé," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ gba ọmọ yín lọ́wọ́ mi."