Fídíò Tí Àrínọlá Fi Ránṣẹ́ Láti Barbados

Jákẹ́ẹ̀tì snow ni ọkùnrin kan wọ̀ nínú oòrùn Barbados. Òógùn ń ṣàn láti iwájú orí rẹ̀ dé àgbọ̀n. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di bùùtù takisí kan mú bí ẹni pé ọkọ̀ náà fẹ́ gbé ẹrù rẹ̀ sá lọ, ó sì ń pariwo: "Forty dollars? You're a thief!"

Àrínọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti pápákọ̀ òfuurufú ni. Ẹ̀rín pa á. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó ya fídíò ọkùnrin náà. Ìgbà tó sún mọ́ ọn ló gbọ́ ohun tó ń kùn lábẹ́ ahọ́n: "Ogójì dọ́là! Ṣé Ìbàdàn ló ń gbé mi lọ ni?"

"Ẹ rọra o, bọ̀ọ̀dá," Àrínọlá wí.

Ọkùnrin náà ta gìrì. "Ẹ̀n? Yorùbá ní Barbados?"

"Dọ́là tiwọn níbí ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ti Amẹ́ríkà. Méjì rẹ̀ ló jẹ́ ẹyọ kan ti Amẹ́ríkà. Ìjọba ló sì fi iye lé owó ọkọ̀, kì í ṣe bàbá yìí. Gbogbo mọ́tò ló wà fún, kì í ṣe orí kọ̀ọ̀kan. Mo gbọ́ tí ẹ dárúkọ ìlú Oistins, ibẹ̀ lèmi náà ń lọ. Ẹ jẹ́ ká jọ wọ̀ ọ́, ká san ìdajì ìdajì."

Tádé ni orúkọ ọkùnrin náà. Ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló bá wá. Awakọ̀ náà, Mr. Clyde, bàbá onírùngbọ̀n funfun, ṣílẹ̀kùn fún wọn láìka èébú náà sí. Nígbà tí wọ́n dé ilé àlejò, ó gbé ẹrù àwọn méjèèjì gun àtẹ̀gùn. Àrínọlá fún un lówó lé owó ọkọ̀. Tádé ka tirẹ̀ gééré.

"Tip ńkọ́?" Àrínọlá bi í.

"Tip kẹ̀! Mo ti sanwó mọ́tò. Ṣé mo tún máa sanwó ẹ̀rín ẹnu ni?"

Inú bí Àrínọlá gan-an. Ọdún méjìlélógún ni bàbá tirẹ̀ ti ń wa takisí ní Calgary, ní Canada. Ó mọ bí bàbá náà ṣe máa ń jókòó sínú ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé, tí kò ní wọlé, lọ́jọ́ tí èrò bá bú u. Ó fi fídíò náà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí WhatsApp, èèyàn mẹ́tàdínlógún. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Mr. No Tip rèé o!"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àrínọlá lọ ra ẹja lọ́jà Oistins. Ẹni tó rí níbi tí àwọn onítakisí ń dúró sí yà á lẹ́nu. Tádé ni. Láti aago mẹ́jọ ló ti ń bi awakọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn níbi tí Mr. Clyde wà. Bí bàbá náà ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ báyìí, Tádé dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí títì ọlọ́dà.

Ariwo ta! Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja figbe bọnu, wọ́n rò pé ó dákú ni. Ẹnì kan ti gbé omi dé. Mr. Clyde ń fà á lápá, ẹ̀rù ń bà á, Tádé ò dìde.

"Ó ń tọrọ àforíjì ni!" Àrínọlá sáré wí fún wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. "Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn!"

Mr. Clyde rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní tip kì í ṣe dandan. Ìdá kan nínú mẹ́wàá tó, bí iṣẹ́ èèyàn bá dùn mọ́ ọ. Ohun tó dun òun ni pé Tádé ò kí òun kó tó béèrè iye owó. Ó ní kí àwọn méjèèjì wọlé, kí òun fi erékùṣù han wọn.

Nígbà tí wọ́n jókòó sétí òkun lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Àrínọlá bi í pé kí ló yí i lọ́kàn padà.

"Mi ò sùn," Tádé wí. "Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ mi pè mí lólè rí nítorí páálí kan tí wọ́n ò rí. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n rí i. Mo mọ bó ṣe ń dunni. Èmi náà wá lọ pe bàbá arúgbó bẹ́ẹ̀."

"Ibo nibi iṣẹ́ náà?"

"Wọ́n ń pè é ní Foothills Industrial. O ò lè mọ̀ ọ́n, Calgary ni."

Ẹja bọ́ lọ́wọ́ Àrínọlá. "Calgary wo? Sunridge nilé wa!"

"Irọ́ ni! Marlborough ni basement mi wà, yàrá abẹ́ ilé tí mo háyà!"

Wọ́n ń wo ara wọn. Ìdúró train kan péré ló wà láàárín wọn, ọkọ̀ òfuurufú kan náà ló sì gbé wọn wá.

Nígbà tí wọ́n padà dé Calgary, ọ̀rọ̀ di ìfẹ́; gbogbo òtútù ọdún náà ni Tádé fi ń dúró de Àrínọlá lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Àrínọlá a ní, "Olówó orí mi, ṣé o ti kí bàbá tó ń ta tíì nínú ilé ìwòsàn kó o tó béèrè iye owó?" Tádé a fi oríkì rẹ̀ pè é, a ní, "Àdùkẹ́, fi mí lọ́rùn sílẹ̀." Ṣùgbọ́n Àrínọlá ò sọ̀rọ̀ fídíò fún un. Lójoojúmọ́ ló ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀la ni.

Nínú oṣù kẹta, Àrínọlá mú un lọ sílé bàbá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Dámi àbúrò rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Oh my God. Daddy! It's Mr. No Tip!"

Tádé rẹ́rìn-ín; kò mọ ohun tó ń sọ. Bàbá Àrínọlá jáde láti pálọ̀. Ojú rẹ̀ le. "Ìwọ lo pe dírẹ́bà olóòótọ́ lólè?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Tádé. "Sà? Ta ló sọ fún yín?"

Bàbá na fóònù sí i. Tádé gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Lẹ́yìn ohùn náà, ó gbọ́ ẹ̀rín Àrínọlá, ẹ̀rín tó ti wá fẹ́ràn jù láyé yìí. Ojú rẹ̀ fà ro. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá náà.

"Èmi ni sà. Mo sọ ọ́. Ẹ má bínú." Kò wí àwíjàre kankan. Ó dìde, ó wo Àrínọlá. "Láti ọjọ́ yẹn, o ò sọ fún mi." Ó jáde sínú snow.

Àrínọlá bú sẹ́kún, ó sì ròyìn ìyókù: bí Tádé ṣe wá bàbá náà kiri, bó ṣe dọ̀bálẹ̀ lójú títì.

Bàbá rẹ̀ jókòó lójijì bí ẹni tí wọ́n tì. "Ó padà lọ? Ọdún méjìlélógún, Àrínọlá! Kò sẹ́ni tó bú mi tó padà wá rí. Kí ló dé tó jẹ́ ìdajì ọ̀rọ̀ lo fi ránṣẹ́ sí wa?" Kò dúró gbèsì. "Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà. Èmi náà jẹ̀bi. Wọ mọ́tò."

Wọ́n bá Tádé nítòsí ìdúró train Rundle. Sílípáàsì ni bàbá náà wọ̀ tó fi bọ́ sínú snow. "Tádé, mo dá ọ lẹ́jọ́ láìgbọ́ tẹnu ẹ. Má bínú sí mi, ọmọ mi."

Tádé ya ẹnu, kò lè pa á dé. Àgbàlagbà ń bẹ òun? "Áà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sà! Ẹsẹ̀ yín!"

Àrínọlá kúnlẹ̀. "Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Ẹ̀rù ló bà mí pé mo máa pàdánù ẹ."

"Mo gbọ́," Tádé wí jẹ́jẹ́. "Fún mi láyè díẹ̀." Train dé, ó wọ̀ ọ́ lọ.

Ọjọ́ méjìlá kọjá láìsí ìpè. Lọ́jọ́ Satidé, Àrínọlá lọ kan ilẹ̀kùn basement náà. Ẹ̀rọ ìfọṣọ onílé ń dún gbàù gbàù lẹ́yìn Tádé.

"Mi ò wá bẹ̀bẹ̀," Àrínọlá wí. "Mo wá sọ ohun tí mo ṣe ni. Mo pe gbogbo èèyàn mẹ́tàdínlógún tó rí fídíò yẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ròyìn ìyókù fún wọn, mo sì ní èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́."

"Èèyàn mẹ́tàdínlógún?"

"Àǹtí mi tó wà ní Winnipeg ní kí n dákẹ́, òun ń wo bọ́ọ̀lù."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Tádé kó tó rí i mú. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà ni omi wá sójú rẹ̀. Ó di ọwọ́ tútù Àrínọlá mú.

"Àrínọlá, mi ò ní òrùka. Mi ò tíì gba PR, ìwé àtigbé ìlú yìí títí lọ. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Àrínọlá jókòó sórí òkìtì bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀n-ẹ́n," ó wí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìfọṣọ gbé ohùn rẹ̀ mì.

"Kí lo wí?"

"Mo ní bẹ́ẹ̀ ni!" Àrínọlá pariwo. "Mo máa fẹ́ ẹ!"

Lókè, ìyá onílé fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ páńpá, ohùn rẹ̀ sì já wálẹ̀ láàárín pákó: "Congratulations! Now close the door, you're letting the cold in!"

Tádé fẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Nínú oṣù kẹjọ, wọ́n di tọkọtaya.