Ìrù Ẹ́ńjìnnì Vinka

Kí ẹnu ayé tó sọ ọ́, Vinka fúnra rẹ̀ á ti sọ ọ́, á tún fi ọwọ́ lu itan rẹ̀, á bú sẹ́rìn-ín: "Ẹnu làwọn ẹgbẹ́ mi fi lé ọkùnrin tiwọn lọ. Èmi? Sípánà ni!" Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, ìyá àgbà, opó tó ti wọ aṣọ dúdú fún ọdún mẹ́sàn-án. Àgbà òmùgọ̀ ni, òun náà sì mọ̀.

Tonči, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ló ra ẹ́ńjìnnì tuntun sí ọkọ̀ ojú omi ìyá rẹ̀, kó lè sinmi àjẹ̀ fífà. Ẹ́ńjìnnì náà dára, àmọ́ bí Vinka bá ti fún un níná, ọkọ̀ á máa fà sọ́tùn-ún bí ewúrẹ́ tó rí ewé. Apá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já níbi tó ti ń fà á padà.

Wọ́n ní kó pe Bepo. Ogójì ọdún ni Bepo ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ní erékùṣù tí wọ́n ń gbé. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin ló gbé àpótí irinṣẹ́ dé èbúté. Ó wo ọkọ̀, ó wo Vinka.

"Apá ibo lo máa ń jókòó sí?"

"Ọ̀tún."

"Hẹn-ẹn. Bóyá ìdí rẹ ló ń fà á."

"Bepo! Ìdí yìí ti wà kí wọ́n tó rọ ẹ́ńjìnnì yẹn. Ìdí rere ni, má bú u!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, Vinka kò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí.

Bepo ní kó jókòó sáàárín. Ọkọ̀ ṣì ń fà. Ó yí ọwọ́ ẹ́ńjìnnì sọ́tùn-ún, sósì. Kò le, gíríìsì wà níbẹ̀. Ló bá gbé ẹ́ńjìnnì sókè kúrò lómi, ó fọwọ́ kan irin pẹlẹbẹ kékeré kan lókè abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, tó dà bí ìrù ẹja.

"Wò ó. Ibi tí ọkọ̀ bá ń fà sí, ibẹ̀ la ó darí ìrù yìí sí. Á wá máa lọ tààrà."

"Ibi tó ń fà sí náà?"

"Ibẹ̀ gan-an. Fi sípánà tú bóòtù rẹ̀, yí i díẹ̀, dè é padà."

Ọkọ̀ lọ tààrà bí òwú. Ní erékùṣù yẹn, ẹni tó bá bá opó ṣiṣẹ́ kì í gba nǹkan kan ju oúnjẹ àárọ̀ lọ. Vinka gbé ọbẹ̀ ẹja, búrẹ́dì àti wáìnì kalẹ̀. Bepo jẹ ẹ́, ó fi búrẹ́dì nu àwo mọ́ tónítóní.

"Vinka, ó pẹ́ tí nǹkan gbígbóná ti kan inú mi."

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Bí Vinka bá ń ro ọbẹ̀, á máa kọ́ ẹnu ara rẹ̀: "Ẹyinjú mi. Bepo, ẹyinjú mi." Àmọ́ opó wo ló lè pe ọkùnrin wá jẹun lásán, láìsí iṣẹ́? Ọjọ́ tó wé ìborí olódòdó, Tonči fi igbe ta: "Màmá! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni? Bàbá mi dà nínú ọ̀rọ̀ yín?"

Vinka padà sí dúdú. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá bàjẹ́, ta ló máa bi í léèrè?

Ó mú sípánà ọkọ rẹ̀ olóògbé, ó tú bóòtù, ó yí ìrù náà sí òdìkejì.

Bepo dé. "Ẹ́ńjìnnì rẹ yìí fẹ́ràn mi o."

"Ó mọ ẹni rere ni."

Ó jẹun, ó tún àwo nù. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Vinka tún tú u. Lọ́tẹ̀ yìí àwọn apẹja ti jókòó sí èbúté.

"Bàbá Bepo, bóòtù kan ṣoṣo ló ń dà yín láàmú báyìí? Ẹ ti gbó, ẹ lọ jókòó máa fún ẹyẹlé lóúnjẹ!"

Bepo kò rẹ́rìn-ín. Nígbà kẹta, ó jókòó sínú ọkọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n.

"Mo dè é. Mo mọ̀ pé mo dè é. Àbí n kò dè é, Vinka?"

Vinka la ẹnu. Ó rántí Tonči. Ó pa ẹnu dé, ó bu ọbẹ̀. Bepo kò jẹ ẹ́ tán.

Nínú oṣù kẹsàn-án, Jelka, ọmọbìnrin Bepo, ti ìlú Split dé. "Bàbá, ọwọ́ yín ti gbó. Bí ẹ bá gbàgbé gáàsì sílẹ̀ ńkọ́?"  Bepo kó irinṣẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, ó fún Jelka ní kọ́kọ́rọ́ ilé, ó gbà láti bá a lọ sí Split.

Àárọ̀ tí wọ́n fẹ́ wọ ọkọ̀ ńlá tó ń lọ sí Split, Vinka sáré dé èbúté pẹ̀lú ìborí olódòdó lórí, ọmú ń mì, sípánà lọ́wọ́. Tonči wà níbẹ̀, ó ń wò ó.

"Bepo! Ọwọ́ rẹ kò gbó. Èmi ni mò ń tú u!"

"O ń tú kí ni?"

"Bóòtù yẹn. Kí o lè máa wá ni. Má lọ, ẹyinjú mi, dákun."

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Bepo kò wo ẹni náà. Ó gba sípánà, ó wò ó, ó dá a padà sí ọwọ́ Vinka.

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"N kì í dáná mọ́ nínú ilé mi. Ẹ̀rù ọwọ́ ara mi ló ń bà mí. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yìí, mo ń sunkún lé ọwọ́ méjèèjì yìí lórí."

"Bàbá, wọ́n fẹ́ gbé ilẹ̀kùn ọkọ̀ sókè," ni Jelka wí, ó fà á lápá.

Bepo wọ ọkọ̀. Ó yíjú padà.

"Vinka, ṣé 'wá jẹun' ló le tó bẹ́ẹ̀ láti sọ?"