Iná Tó Ń Tàn fún Bàtà Keith

Ìdí mi ni Lindsay Pascoe kọ́kọ́ rí kó tó rí ojú mi. Mo kó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nínú ilé onítáyà mi tí ọkọ̀ ń fà, mò ń wá ibi tí bátìrì wà, ni ìdí bá há. Kò wọlé, kò jáde.

"Ẹ káàárọ̀ o, ìyá," ohùn ọkùnrin kan sọ lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé kí n fà yín ni, àbí kí n tì yín?"

"Ta ni ìyá ẹ? Fà mí jáde ná, ká wo ẹni tó dàgbà jù!"

Ó fà mí. Mo jáde pọ́ọ̀, bí ìdérí ìgò. Orí rẹ̀ funfun ju tèmi lọ. A rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn wá.

Etí òkun Streaky Bay nìyẹn, níbi tí àwọn onílé onítáyà bíi tèmi àti Lindsay ń pàgọ́ sí. Òun sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa dá nìkan gbé ilé onítáyà náà jáde láti ìgbà tí Keith ọkọ mi ti kú. Nílé, iná ìjọba ni mò ń fi sí i lára, nǹkan kan kò ṣe é. Ṣùgbọ́n létí òkun, tí ilẹ̀ bá ti mọ́, bátìrì á ti kú. Mo ra tuntun, òun náà kú. Mo tilẹ̀ fi aṣọ àwọ̀sùn mi nu sólà orí òrùlé.

Raelene ọmọ mi ń pè láti Adelaide: "Mọ́mì, ẹ ti pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Ẹni tó fẹ́ ra ilé onítáyà yẹn ń bọ̀ ní Sátidé. Yàrá yín ti wà nílẹ̀ nílé mi."

Fèrèsé yàrá náà, ọgbà pákó nìkan ló dojú kọ. Bí wọ́n bá ta ilé yìí, ibẹ̀ ni màá jókòó sí dúró de ikú.

Ogójì ọdún ni Lindsay fi ṣe réwáyà. Ó gbé mítà tó fi ń wọn iná wá.

"Bátìrì yín ò ṣàìsàn," ó ní. "Nǹkan kan ló ń mu ún."

"Èmi nìkan ni mo ń mu nǹkan níbí o."

Ó ń yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yọ ìkẹrin, mítà já sí òdo. Ọwọ́ Keith ló kọ ọ̀rọ̀ sí ara fíúsì náà: ÀPÓTÍ IWÁJÚ. Mi ò ṣí àpótí yẹn láti ọjọ́ ìsìnkú.

"Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín wá ṣí i," Lindsay ní.

"Ọkọ wo?"

Ó nawọ́ sí ìta. "Àga méjì lẹ ń gbé jáde ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo ti ń gbé bíà mi kọjá lókèèrè, mo ní kí n má yọ tọkọtaya lẹ́nu."

"Ó ti kú," mo ní. "Àṣà lásán ni àga yẹn."

A ṣí àpótí. Gílóòbù kékeré kan ń tàn níbẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Bàtà rọ́bà tí Keith fi ń pẹja ló há sẹ́nu ìdérí, kò jẹ́ kó tẹ bọ́tìnnì tó yẹ kó pa iná. Èmi náà ni mo fi ẹkún ti bàtà náà bọ inú àpótí lọ́jọ́ ìsìnkú.

Iná tí mi ò rí fi mú mílíìkì mi tutù, bàtà òkú ló ń lò ó! Mo rẹ́rìn-ín. Kí n tó mọ̀, mo ti jókòó sórí iyanrìn, mò ń ké bí ọmọdé.

Lindsay nawọ́ sí bàtà.

"Má fọwọ́ kàn án!"

Ó fà sẹ́yìn. Ó yọ gílóòbù, ó fi í sí mi lọ́wọ́. Ó ṣì gbóná. "Ẹ fi bàtà sílẹ̀ síbẹ̀," ó ní. "Òkùnkùn ò ní ṣe é ní nǹkan."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bátìrì wà láàyè. Nígbà tí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lù, Lindsay gbé àga tirẹ̀ wá. Ó di mẹ́ta, ti Keith ṣófo láàárín wa. Ní ọjọ́ kẹrin, mo ní, "Jókòó síbẹ̀ jàre, atẹ́gùn ló ń jókòó síbẹ̀." Ó jókòó. Ó pe orúkọ mi fún ìgbà àkọ́kọ́: Dulcie.

Mo pe Raelene pé kí oníbàárà má wá.

"Mọ́mì, ọkùnrin wo ló ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yín yẹn?"

"Réwáyà ni."

"Kí ni réwáyà ń ṣe níbẹ̀ lákòókò oúnjẹ alẹ́?"

"Àìsàn bátìrì ò mọ aago."

Ó wá rọra ní, "Ṣé inú yín dùn?" Mo ní ó dùn.

Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ń dúró de Lindsay ní Perth, wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún un. Ọmọ rẹ̀ ní kò gbọ́dọ̀ wakọ̀ mọ́ bí iṣẹ́ abẹ náà kò bá yọrí sí rere.

"Bí ojú mi bá là, màá padà wá, olólùfẹ́ mi," ó ní.

"Bí kò bá là ńkọ́?"

"Ìwọ ni kó o wá. Ara bátìrì rẹ ti yá."

Ó lọ ní Ọjọ́bọ̀. Atẹ́gùn òkun pa ipa táyà rẹ̀ rẹ́. Gílóòbù yẹn wà lápò mi. Ní aago márùn-ún, mo gbé àga méjì jáde.

Obìnrin kan ń kọjá pẹ̀lú ajá rẹ̀. "Ẹ bá wa kí bàbá o!"

Tẹ́lẹ̀, Keith ni irú ìkíni bẹ́ẹ̀ máa ń rán mi létí; lọ́tẹ̀ yìí, Lindsay ni.

"Màá kí i," mo ní.