Ìkòkò Tí Wọ́n Ha Nídìí

Ọjọ́ tí ìjọba dẹ òfin kónílé-ó-gbélé, tí wọ́n ní kí àwọn ará Ìlobù àti Ìfọ́n máa jáde lójúmọmọ, ni Tọ̀yìbátù alásè, ará Ìlobù, ró ìró àdìrẹ rẹ̀, ó wọ híjáàbù dúdú, ó sì wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo láti lọ ra ìkòkò. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ìjà ilẹ̀ jó ilé ìdáná rẹ̀, tí wọ́n kó ìkòkò rẹ̀ lọ, tí kò ṣẹ́ ṣíbí kan kù fún un, kí ni kó tún lọ rà? Àwọn ọ̀dọ́ ìlú méjèèjì ń wí nígbà náà pé ilẹ̀ baba àwọn ni àwọn ń gbà. Ilẹ̀ ọ̀hún kò kúrò lójú kan, àwọn ènìyàn ló ń sá.

Lọ́dún náà, ọjà àlòkù gbèrú ju ọjà tuntun lọ. Ilẹ̀kùn wà níbẹ̀, páànù wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì ọmọdé wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ibi tí wọ́n ti wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró ti ọ̀kadà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ó gbé ìkòkò irin ńlá kan sílẹ̀, irú èyí tí alásè fi ń se ìrẹsì òde ìnáwó. Tọ̀yìbátù ná an níye tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ ti òun fúnra rẹ̀, ó ń retí kí ọmọ náà bínú. Kò bínú. Ó ní kí wọ́n máa gbé e lọ, ó sì fi ọwọ́ òsì nà án sí i.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń fún àgbà ní nǹkan nílé yín nìyẹn?"

"Ẹ má bínú, mà. Ọwọ́ tí mò ń lò nìyẹn. Ìyá mi nà mí títí, kò yí padà."

Nígbà tó délé, tó dojú ìkòkò bolẹ̀ láti fọ̀ ọ́, ó gbé e sún mọ́ ìmọ́lẹ̀. Gbogbo alásè ló mọ̀ pé ìdí ìkòkò ni à ń kọ orúkọ sí, tàbí kí á fi ọ̀dà sàmì sí i, kó má baà sọnù sóde ìnáwó. Wọ́n ti ha ìdí èyí títí ó fi ń dán. Ẹni tó ń ta ìkòkò ara rẹ̀ kì í wá àyè ha orúkọ ara rẹ̀ kúrò.

Mọ́ríátù, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, ní wàhálà tí kò sí níbẹ̀ ló ń wá. "Owó lẹ fi rà á, ẹ ò jí i. Àwọn tó kó tiyín lọ, ṣé wọ́n yẹ ìdí ẹ̀ wò?"

Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó sùn. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Àáfà Jàlálù, ó ṣàlàyé.

"Bí o bá mọ ẹni tó ni ín, dá a padà fún un," ni Àáfà wí. "Bí o ò bá mọ̀ ọ́n, wá a. Ṣùgbọ́n má dijú, kí o wá sọ fún Ọlọ́hun pé o ò rí nǹkan."

Wá a níbo? Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ti ará Ìfọ́n. Bí obìnrin Ìlobù bá gbé irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ wọ Ìfọ́n lọ́dún náà, ta ni yóò dúró gbọ́ tẹnu rẹ̀? Olè ni wọn yóò pè é, ìjà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọlẹ̀ á sì tún gbiná. Bí kò bá sì lò ó, kí ni òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ jẹ? Ẹ̀rù ń bà á láti lò ó, ẹ̀rù ń bà á láti dá a padà. Ó lò ó. Nígbàkígbà tí àlejò bá sún mọ́ iná, yóò rò pé ẹni tó ni ìkòkò ló dé, ìrẹsì á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná mọ́ ọn lọ́wọ́.

Láìpẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń jẹ́ Dọlápọ̀sí bímọ ní Òṣogbo. Ọmọ Ìlobù ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ìfọ́n ni ìyá rẹ̀. Ó ní òun ò ní í yọ ìlú kan sílẹ̀, ó sì pe alásè láti ìlú méjèèjì wá sebẹ̀ ìkómọ. Bí Tọ̀yìbátù ṣe tún pàdé Rhoda nìyẹn, àgbà alásè ará Ìfọ́n tí wọ́n ti jọ sebẹ̀ níbi púpọ̀ kí ìbọn tó dún. Ó kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Ẹ kú ewu."

"Ìwọ náà kú ewu. Ọlọ́run ló kó wa yọ. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, mà."

Rhoda fẹ́ gbé ìkòkò tí Tọ̀yìbátù gbé wá kúrò lórí iná. Kó tó gbé e, ó kọ́kọ́ tẹ etí ìkòkò kan tó ń mì wọlé. Tọ̀yìbátù náà máa ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tó jó o lọ́wọ́ tán ló tó kọ́ ọ.

"Mà, ìkòkò yín ni?"

"Kì í ṣe tèmi," ni Rhoda wí kíákíá.

"Mo rà á ni, mà, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọkùnrin kan ló tà á fún mi, ọwọ́ òsì ló fi nà án sí mi. Mo bá a wí, ó ní ìyá òun nà òun títí, kò yí padà."

Rhoda wá àpótí fi jókòó.

"Nehemiah ọmọ mi ni. Lọ́jọ́ tí a sá, òun nìkan ló dúró ṣọ́lé. Ó ní àwọn ará Ìlobù ti kó gbogbo ẹrù mi lọ, mo sì gbà á gbọ́. Mo wé gèlè mi, mo lọ sáàfin, mo kúnlẹ̀ níwájú àwọn ìjòyè, mo fi Bíbélì búra. Ọ̀rọ̀ mi wà lára ohun tí àwọn èèyàn ń sọ kiri tí ìjà fi tún gbóná."

"Ṣé ṣáájú kí ilé ìdáná mi tó jó ni, mà, àbí lẹ́yìn ẹ̀?"

Rhoda dìde, ó lọ yọ igi kúrò nínú iná.

Wọ́n se àsè náà parí, àwọn àlejò sì ní ìrẹsì náà dùn. Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́, Tọ̀yìbátù ní kí Rhoda máa gbé ìkòkò rẹ̀ lọ. Rhoda ní bí òun bá gbé e wọ Ìfọ́n, wọn yóò bi òun níbi tí òun ti rí i, bẹ́ẹ̀ ọmọ kan ṣoṣo ni òun bí.

"Ìwọ máa lò ó. Mo fi jìn ọ́."

"N ò lè lò ó mọ́, mà. Mo ti mọ ẹni tó ni ín."

Ìkòkò náà wà lẹ́yìn ilé Dọlápọ̀sí títí dòní, òjò ló ń rọ sínú rẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jà náà wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbin àgbàdo kan sí i. Dọlápọ̀sí bi Tọ̀yìbátù pé ta ló ni ìkòkò yìí, ó ní ti Rhoda ni. Ó bi Rhoda, ó ní ti Tọ̀yìbátù ni.