Nígbà Tí Gbogbo Ilẹ̀kùn Di Funfun

"Nọ́ọ̀sì! Nọ́ọ̀sì! Ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dà?"

Mo ju báírò sílẹ̀. Èmi kọ́ ni nọ́ọ̀sì. Ọmọ ọmọ wọn ni mí. Ìgbà kẹfà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nìyẹn tí màmá àgbà, ìyá bàbá mi, máa pè mí kúrò nídìí ìṣirò, ìdánwò àṣekágbá sì ku ọjọ́ mẹ́sàn-án péré. Mo bá wọn láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ méjèèjì táràrà lára ògiri, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ti mọ́ kedere.

"Màmá, iwájú yín gan-an ni!"

"Iwájú mi kẹ̀? Ògiri ni mo rí."

Inú bí mi débi pé omi lé ròrò sójú mi. Ohun tó sì ń bí mi nínú jù ni pé mo mọ ẹni tó fà á. Èmi ni.

Akunlé ni bàbá mi. Iṣẹ́ ọ̀dà ni wọ́n fi ń bọ́ wa. Àmọ́ bí ẹ bá rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tiwa nígbà náà, ẹ ó rò pé ọmọdé ló kùn ún. Àwọ̀ ewé ni ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ti yàrá màmá àgbà jẹ́ yẹ́lò, ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wá pupa fòò bí ata. Lọ́jọ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì wá bá mi kàwé, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Èyí tí à ń pè ní Ẹlẹ́nu yọ fóònù, ó ya fọ́tò.

"Ẹ káàbọ̀ sí jẹ́lé-ó-sinmi!" ló wí. "Tíṣà wọn dà?"

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, Jẹ́lé-ó-sinmi ti di orúkọ mi nílé ìwé. Ojú tì mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Mo bẹ bàbá mi pé kí wọ́n kun ilé wa ní funfun bíi ti àwọn èèyàn gidi.

"Fi àwọn ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni wọ́n fèsì. Kò sí àlàyé kankan. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn, wọ́n á ṣáà sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, wọ́n á dákẹ́.

Nígbà tí wọ́n rìnrìn àjò iṣẹ́, mo rí gálọ́ọ̀nù ọ̀dà funfun kan nínú yàrá ẹrù. Ìyá mi wà níbi iṣẹ́. Sátidé kan ṣoṣo ni mo fi kun gbogbo rẹ̀, ògiri, ilẹ̀kùn, férémù. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí Ẹlẹ́nu. Ó fèsì pé, "Ẹ kú oríire, ẹ ti jáde ní jẹ́lé-ó-sinmi." Inú mi dùn fún odidi wákàtí mẹ́ta.

Nírọ̀lẹ́, màmá àgbà jáde láti yàrá wọn. Ó ti tó ọdún méjì tí ìgbàgbé ti ń yọ wọ́n lẹ́nu, ojú wọn náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, àmọ́ wọ́n ṣì máa ń dá lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, wọ́n dúró. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì.

"Ta ló gbé mi wá sí ọsibítù?" ni wọ́n béèrè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi lọ sílé. Ara mi ti yá."

Mo rò pé àwàdà ni. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ìtọ̀ ti ń ṣàn lẹ́sẹ̀ wọn. Wọn ò lè wò mí lójú.

Bí ìyà mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá ka ìlà méjì, wọ́n á pè mí. Bí mi ò bá tètè dáhùn, mo ní aṣọ láti fọ̀, mo ní ilẹ̀ láti nù. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí nígbà kẹfà yẹn, mo pariwo mọ́ wọn pé, "Ó tó gẹ́ẹ́! Ṣé ẹ fẹ́ kí n fìdí rẹmi ni?" Wọ́n ní kí n má bínú, Nọ́ọ̀sì. Ìyẹn tún wá dùn mí ju ìbínú lọ.

Nígbà tí ìyá mi ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n gbé páálí ìlédìí ka orí tábìlì.

"Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ló bà," ni wọ́n wí fún mi. "Agbára mi ò gbé e mọ́. Bí wọn ò bá lè dá lọ títí ìdánwò rẹ á fi parí, màá já páálí yìí."

Màmá àgbà gbọ́. "Ìlédìí? Èmi tí mo tọ́ ọmọ márùn-ún?" Wọ́n kọjú sí ògiri, wọn ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo lè dákẹ́ kí n di gbogbo ẹ̀bi ru ọjọ́ ogbó. Dípò bẹ́ẹ̀, mo pe bàbá mi lórí fóònù, mo jẹ́wọ́ pé mo ti kun gbogbo rẹ̀ ní funfun. Wọ́n mí kanlẹ̀.

"Oṣù mẹ́rin ni mo fi wá àwọ̀ yẹn," ni wọ́n wí. "Mo kọ́kọ́ lo búlúù, ojú wọn ò gbé e. Pupa ni wọ́n rí. Wọ́n lè gbàgbé orúkọ yàrá, àmọ́ bí wọ́n bá ti rí pupa, ẹsẹ̀ wọn á gba ibẹ̀ lọ. Funfun lórí funfun, ògiri lásán ni lójú wọn. Ọsibítù tí bàbá àgbà kú sí náà, funfun ni látòkè délẹ̀. Kí lo rò pé ọkàn wọn á lọ bá?"

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?" Ohùn mi ti le.

"Ó yẹ kí n sọ," ni wọ́n dáhùn. "Ìtìjú ìyá mi ni mo ń bò."

Ọjọ́ méjì tó yẹ kí n fi kàwé ni mo fi ha ọ̀dà, tí mo sì tún un kùn. Funfun yẹn ṣáà ń yọjú, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kun ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kó tó pupa dáadáa. Síbẹ̀, màmá àgbà á dúró níwájú rẹ̀, wọ́n á pe nọ́ọ̀sì. Ìdánwò dé. Mo kọ ìṣirò, èmi náà mọ̀ pé kò dáa tó.

Ohun tí mo fojú ara mi rí kọ́ mi pé kì í ṣe àlejò tó ń ya fọ́tò la ń kunlé fún, ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ ni. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó tìtorí ẹ̀rín ọ̀rẹ́ yí nǹkan padà, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí nǹkan náà ń ràn lọ́wọ́.

Ọjọ́ tí mo kọ ìwé tó gbẹ̀yìn, mo délé, mi ò bá màmá àgbà ní yàrá. Mo sáré lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbìyànjú láti ṣí ilẹ̀kùn pupa náà. Wọ́n ti há a látinú. Mo kànkùn.

"Ta nìyẹn?" ni màmá àgbà jágbe. "Èèyàn wà níbí! Àbí o ò rí ilẹ̀kùn ni?"